Góòlù Ìyápọ̀ ní Pàràkú

Wọ́n ní Ìyápọ̀ ọmọ Ṣakí gbá bọ́ọ̀lù kan ní Pàràkú, ó gba àyà aṣọ́lé wọlé, ó gba ẹ̀yìn rẹ̀ jáde, aṣọ́lé sì kú lójú ẹsẹ̀. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn ará ibẹ̀ fi fi oògùn so orúnkún rẹ̀, tó fi ń tiro. Nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ èlùbọ́ ni wọ́n ti ń sọ ọ́, ẹnu àwọn tó ń sọ ọ́ sì funfun báláú.

Ọkùnrin ṣíṣígbọnlẹ̀ ni Ìyápọ̀, etí rẹ̀ méjèèjì sì yọ síta bí ilẹ̀kùn mọ́tò tí wọ́n gbàgbé láti tì. Àgbẹ̀ ni. Ní ọdún 1983 tí ọ̀gbẹlẹ̀ mú, iná ìgbẹ́ jó oko rẹ̀, ó jó iṣu tó kó pamọ́. Àna rẹ̀ wá láti Ìlerò, ó mú Dúróríkẹ́ ìyàwó rẹ̀ lọ sílé.

"Ọjọ́ tí o bá ní ohun tó máa jẹ, kí o wá mú un," ni baba ìyàwó wí. Kò pariwo. Ìbá sàn kó pariwo.

Ni Ìyápọ̀ bá sọdá ẹnubodè sí Pàràkú, lọ́dọ̀ Ràsáàkì, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, tó ń tún kẹ̀kẹ́ ṣe níbẹ̀. Iṣẹ́ kò yọjú. Ìgbà tó yá, Ràsáàkì gbọ́ pé Àlàájì kan tó ń ta òwú ń wá àwọn tí yóò máa kó ẹrù sọ́kọ̀. Pápá bọ́ọ̀lù ẹ̀yìn ilé ẹrù rẹ̀ ló ti ń ṣa àwọn alágbára lọ́jọ́ Sọ́ńdè.

"Ṣé o ṣì lè gbá bọ́ọ̀lù?" ni Ràsáàkì bi í.

"Ta ni wọ́n ń pè ní Òkúta ní Ṣakí?"

"Torí pé o kì í kúrò lójú kan ni!"

"Máa yọ ṣùtì lọ. Wá wò mí."

Ràsáàkì lọ wò ó lóòótọ́. Àwọn ọmọ Ìbàrìbá ló bá gbá a. Kò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n "Páàsì!" yé gbogbo ayé. Ara rẹ̀ yá gágá lọ́jọ́ náà. Ó gé ọ̀kan, ó gé èkejì, ó wá ku òun àti aṣọ́lé. Àlàájì ti dìde lórí àga.

Ìgbà yẹn gan-an ni bàbá arúgbó kan tó ń fa ewúrẹ́ gba orí pápá kọjá.

Ní Ṣakí, bí àgbà bá ń kọjá lórí pápá, eré dúró nìyẹn. Gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀, àgbà á súre, kálukú á padà sáyè rẹ̀. Ẹni tó bá já bọ́ọ̀lù gbà lásìkò náà, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Ara Ìyápọ̀ kò bi í léèrè kó tó ṣe é. Ó fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀, ó na gbalaja.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, bàbá!"

Bàbá bojú wẹ̀yìn, bóyá nǹkan ló jábọ́ lọ́wọ́ òun. Aṣọ́lé tó ti ń sáré bọ̀ wá gba bọ́ọ̀lù kò ríbi yà sí mọ́. Orí orúnkún Ìyápọ̀ ló já lé, tòun ti gbogbo ara. Ràsáàkì gbọ́ ìró eegun láti etí pápá.

Àlàájì jókòó padà. "Ta nìyẹn tó lọ sùn?"

"Kò sùn o, Àlàájì. Ẹ jọ̀ọ́, àgbà ló ń kí," ni Ràsáàkì wí.

"Ẹrù òwú kì í dúró de ìkíni," ni Àlàájì wí, ó sì nawọ́ pe ẹlòmíràn.

Orúnkún náà kò bọ̀ sípò mọ́. Ìyápọ̀ fi ọ̀pá tilẹ̀ padà sí Ṣakí. Ó gbìyànjú àtikọ ebè, ẹsẹ̀ ń yẹ̀ lábẹ́ rẹ̀; ebè tó kọ rí bí ibi tí adìyẹ tàn. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, títí ó fi jókòó sórí ebè tí kò lè dìde.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ góòlù apààyàn bẹ̀rẹ̀, kò sẹ́ ẹ. Ó tẹ́ ẹ lọ́rùn kí wọ́n máa bẹ̀rù rẹ̀ ju kí wọ́n máa káàánú rẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ náà rìn, ó dé Ìlerò. Ràsáàkì ti Pàràkú wá, ó lọ bẹ àna Ìyápọ̀.

"Bàbá, kò pa ẹnikẹ́ni."

"Ọmọ mi, arọ ni mo lè fara mọ́. Apààyàn tí wọ́n fi oògùn so, n kò lè fún un lọ́mọ."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín?"

"Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ṣé ó sẹ́?"

Ràsáàkì padà lọ sọ fún Ìyápọ̀. Nígbà tí Ìyápọ̀ fi máa tiro dé Ìlerò láti lọ sẹ́ ẹ, Dúróríkẹ́ ti wà nílé ọkọ mìíràn ní Àgọ́-Àmọ́dù.

Aṣọ́lé yẹn kò kú. Búrẹ́dì ló ń tà ní gáréèjì Pàràkú.