Ìkòkò Kan Lóòjọ́

Ìkòkò mẹ́ta ni mo máa ń gbé kaná kí n tó jáde láàárọ̀ nígbà yẹn. Ọgbẹ́ inú kò jẹ́ kí ọkọ mi lè jẹ ata. Ìyá rẹ̀, tí wọ́n ń gbé pẹ̀lú wa ní àdúgbò Pedro, kò sí oúnjẹ tó wù wọ́n bíi pupuru, òkèlè ẹ̀gẹ́ àwọn ará etí òkun Oǹdó, pẹ̀lú ọbẹ̀ ẹja tó ta dáadáa. Ọmọbìnrin mi, ìrẹsì nìkan ló mọ̀. Bí mo ṣe ń ro ọbẹ̀ ni mo ń fi ọwọ́ kejì dá àwọn ẹgbẹ́ ìjọ lóhùn lórí fóònù. Ìdúró ni mo ti ń jẹun, láti inú ìdérí ìkòkò.

Ilé ìtẹ̀wé kan ní Ṣómólú ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, mo ń ti bébà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń gé e, oorun sì gbé mi lọ lórí ìdúró. Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ náà ló fa ọwọ́ mi yọ kí abẹ tó balẹ̀. Kò pariwo. Ó pa ẹ̀rọ, ó fi mí jókòó lórí ìdì bébà kan, ó ní, "Ẹ máa lọ sílé, Mọ́mì. Ẹ lọ sùn."

Mo fẹsẹ̀ rìn délé. N kò sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ohun tí mo kàn sọ fún àwọn ará ilé ni pé láti ọjọ́ kejì, ìkòkò kan ni màá máa sè lóòjọ́. Ata á wà lọ́tọ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Màá máa jókòó jẹun, fóònù á sì wà ní yàrá títí màá fi jẹ tán. Ọkọ mi ní òun ò fìgbà kan sọ pé kí n máa dáná lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. N kò lágbára àtibá a jiyàn. Ọmọ mi yínmú. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, Màmá, ìyá ọkọ mi, di báàgì wọn, wọ́n ní àwọn ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò àwọn ní Ìlàjẹ.

Àwọn ẹbí wa bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá èmi ni mo lé Màmá. Ó dùn mí gan-an, àmọ́ n kò padà sídìí ìkòkò mẹ́ta. Mo ń jókòó jẹun. Níbẹ̀rẹ̀, n kò tiẹ̀ mọ ohun tí ǹ bá fi ọwọ́ mi kejì ṣe. Mo sunkún lórí ẹ̀wà lọ́jọ́ kan, láìsí ẹni tó ṣe mí ní nǹkan kan. Ìgbà yẹn náà ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀ pé iyọ̀ ọbẹ̀ mi ti ń pọ̀ jù.

Nígbà tó yá, mo lọ sí Ìlàjẹ. Màmá jókòó nídìí ààrò, wọ́n ń bá àbúrò wọn yí ẹja tí wọ́n ń yan. Mo ròyìn ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ yẹn fún wọn. Màmá gba ọwọ́ mi, wọ́n yẹ àwọn ìka mi wò níkọ̀ọ̀kan.

"Kí ló dé tí o ò sọ fún wa?"

Mo ní mo rò pé wọ́n á sọ pé àwáwí ni.

Wọn ò fi ọwọ́ mi sílẹ̀. "Èmi rò pé mo ti sú ọ ni."

"Ó rẹ̀ mí ni, Màmá. Ẹ ò sú mi."

Wọ́n padà wálé kí oṣù tó tán. Bí orúnkún wọn bá gbà fún wọn, wọ́n á ro pupuru tiwọn fúnra wọn lọ́jọ́ Sátidé. Láwọn ọjọ́ yòókù, ohun tí gbogbo wa bá jẹ ni wọ́n ń jẹ, wọ́n á sì máa ráhùn pé kò ládùn. Ó ṣì ń rẹ̀ mí. Iṣẹ́ kò dínkù, iná kò dúró, ẹ̀yìn ń dùn mí. Ṣùgbọ́n tí Màmá bá ti jẹ tán ṣáájú mi, wọn kì í dìde mọ́. Wọ́n á jókòó síbẹ̀, títí èmi náà á fi jẹ tán.