Ọwọ́ Ọ̀tún Bàámi

Apá ọ̀tún ni àrùn rọpárọsẹ̀ bá Bàámi jà nínú ilé wa ní Wylie, nílùú òyìnbó níbí. Ẹsẹ̀ ṣì ń gbìyànjú. Ọwọ́ ni kò gbọ́ràn mọ́. Dókítà kò jẹ́ kí a fi agídí gbé wọn dìde lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó ní kí ara kọ́kọ́ balẹ̀. Nígbà tó balẹ̀ tán, ó ní àwọn ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ọpọlọ máa ń yá jù láti tún nǹkan kọ́, pé ọwọ́ tí a kò bá lò lásìkò yìí lè rọ mọ́ wọn lára títí ayé. Nọ́ọ̀sì ni mí, mo ti mọ̀ tẹ́lẹ̀, síbẹ̀ mo ní kí ó tún un sọ.

Wọ́n gbé wọn lọ síbi tí wọ́n ti ń ṣe tẹ́rápì. Láàárọ̀, lọ́sàn-án: ẹ mú ife, ẹ gbé e sílẹ̀, ẹ tún un mú. Á rẹ Bàámi débi pé orí àga ni oorun ti máa ń gbé wọn lọ. Inú bí Màmá. Wọ́n ní ṣé ṣọ́jà ni wọ́n fẹ́ fi aláìsàn ṣe ni, pé ìsinmi ni aláìsàn ń fẹ́.

Ilé tí a gbé wọn padà sí ni wàhálà wà. Bàámi kò jẹ́ fi ọwọ́ òsì jẹun láéláé. Ẹni tó ti lù wá lọ́wọ́ nítorí pé a fi òsì gba ẹran, báwo ló ṣe máa fi í bu òkèlè? Ọ̀tún kò sì lè gbé nǹkan dé ẹnu. Ni Màmá bá ń fún wọn jẹ. Àwọn ìyá ìjọ náà ń gbé ọbẹ̀ wá láti Frisco, ìlú kejì, wọ́n ń gba síbí lọ́wọ́ ara wọn. Mò ń dúpẹ́ lẹ́nu, ṣùgbọ́n ọwọ́ ọ̀tún tó wà nílẹ̀ ni mò ń wò.

Lọ́jọ́ kan, ọmọbìnrin òyìnbó tó ń wá ṣe tẹ́rápì fún wọn nílé mú ìbọ̀wọ́ kíki kan wá. Ó ní ọwọ́ òsì ni kí wọ́n wọ̀ ọ́ sí, kí ọ̀tún lè ṣiṣẹ́ tipátipá. Bàámi wo ìbọ̀wọ́ náà, wọ́n rẹ́rìn-ín, àkọ́kọ́ látìgbà tí àìsàn ti dé.

“Sọ fún un pé ìyá mi ti bá a de ọwọ́ òsì yìí láti kékeré.”

Mo túmọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó wá béèrè pé ta ló wá ń fún wọn lóúnjẹ. Gbogbo wa yíjú sí Màmá.

Màmá sunkún. Wọ́n ní ṣé kí àwọn máa wo ọkọ àwọn lójú kí ebi máa pa á ni. Mo ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Bí wọ́n bá ń fún Bàámi jẹ, ọwọ́ yẹn ń kú lọ. Bàámi fúnra wọn ló ní kí wọ́n gbé síbí sílẹ̀.

Kò rọrùn. Òkèlè ń já bọ́, ọbẹ̀ ń rin wọ́n láṣọ, Màmá á lọ jókòó sínú ọkọ̀ ní gáréèjì kí wọ́n má baà rí i. Wọn kì í jẹun kí Bàámi tó jẹ tán, oúnjẹ tiwọn á ti tutù bí omi. Ọ̀sẹ̀ ń gorí ọ̀sẹ̀. Màmá ń rù, ó ń dùn mí.

Lọ́jọ́ Sunday kan lẹ́yìn ìsìn, Bàámi fi ọ̀tún mú ẹran nínú abọ́. Ọwọ́ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ẹran kò bọ́. A rò pé ẹnu ara wọn ni wọ́n ń gbé e lọ. Màmá ni wọ́n nà án sí.

“Ìyá àwọn ọmọ mi, gbà. Ìwọ náà jẹun.”

Màmá kúnlẹ̀, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì gbà á.