Púdìn Mojeed Pulọ́ńbà

Mojeed pulọ́ńbà kò mọ ibi tí iyọ̀ wà nínú ilé ara rẹ̀, ó sì máa ń fi èyí yangàn. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ló ti lò ní Toronto. Kò sí irú páìpù tí kò lè tún ṣe láti Bowmanville títí dé Port Credit, ṣùgbọ́n bí ebi bá ń pa á nílé, orí àga ní pálọ̀ ni yóò jókòó sí, tí yóò máa wúkọ́ títí ìyàwó rẹ̀ yóò fi gbọ́. Ìdíátù ìyàwó rẹ̀ ń tọ́jú àwọn arúgbó nílé ìtọ́jú kan, shift alẹ́ ló sì ń ṣe jù. Bó bá ti dé láàárọ̀, ìdáná ni yóò kọjá sí tààrà.

Ní ọjọ́ kan, Mojeed lọ kí Sàlísù, àbúrò ìyàwó rẹ̀, ní Brooklin. Ó bá a níbi tó ti ń dín dòdò fún àwọn ọmọ rẹ̀. Mojeed rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà ló ti ń pe Sàlísù ní "Ìyá Olóúnjẹ," ì báà jẹ́ lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, ì báà jẹ́ níbi ìsọmọlórúkọ. Sàlísù á kàn rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ó dáa o."

Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún, ìyá Ìdíátù yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀ ní Ìbàdàn, itan rẹ̀ sì kán. Ìdíátù gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́, ó lọ tọ́jú ìyá rẹ̀. Kó tó lọ, ó se ọbẹ̀ kún fírísà, ó kọ orúkọ ọbẹ̀ sára ike kọ̀ọ̀kan. Mojeed kọ́kọ́ dojú kọ gbogbo èyí tó lẹ́ran nínú. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yóò fi pé, ilá nìkan ló kù, ike mẹ́sàn-án gbáko. Ó pe Hameedah, ọmọ wọn tó wà ní yunifásítì ní Ottawa, ó ro ẹjọ́ ebi fún un.

"Daddy, just boil rice," ni ọmọ náà dá a lóhùn.

Mojeed ní kí Ọlọ́run má jẹ́ kóun rí irú ẹ̀.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe wà nìyẹn nígbà tí wọ́n pè é pé kó wá tún páìpù ṣe fún màmá òyìnbó kan ní Port Credit. Doreen lorúkọ màmá náà. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rùn-ún ni, ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ń dá gbé. Kò sí ẹni tí kì í pè ní dálìn: dọ́kítà rẹ̀, ẹni tó ń kó lẹ́tà wá, títí kan ajá aládùúgbò. Nígbà tí Mojeed wà lábẹ́ síńkì, ó ń gbọ́ ìkòkò kan tó ń hó gbùdù-gbùdù lórí sítóòfù. Bó ṣe dìde, Doreen fi ọwọ́ rẹ̀ tí wọ́n fi báńdéèjì wé hàn án.

"Dálìn, bá mi gbé nǹkan inú ìkòkò yẹn jáde. Ọwọ́ yìí ò lè gbé nǹkan wúwo mọ́."

Mojeed ṣí ìkòkò. Ó rí abọ́ kan tó jókòó sínú omi gbígbóná, wọ́n fi bébà bò ó lórí, wọ́n fi okùn so ó lọ́rùn.

"Háà! Mọ́ínmọ́ín!" ló pariwo.

"Púdìn ni," ni Doreen wí. Ó ní kó tú okùn, kó dojú abọ́ délẹ̀ sórí àwo. Nǹkan náà yọ̀ jáde, ó rọ̀, ó ń gbọ̀n rìrì, sírọ́ọ̀pù sì ń ṣàn láti orí rẹ̀ bọ̀ wá sísàlẹ̀ bí ìgbà tí òjò bá ń ṣàn lórí páànù.

Mojeed jẹ ègé kan. Ó jẹ ègé kejì. Nígbà tó jẹ ẹ̀kẹta tán ló tó rántí béèrè bóyá ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ wà nínú rẹ̀. Doreen ní rárá, bọ́tà ni.

"Alhamdulillahi," ni Mojeed wí, ó sì na àwo fún ẹ̀kẹrin. "Níbo ni wọ́n ti ń tà á, Mama?"

"Tèmi kì í ṣe ti títà, dálìn. Sísè ni. Bó o bá fẹ́, n ó kọ́ ẹ."

Mojeed bú sẹ́rìn-ín. Ọkùnrin bíi tòun! Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú ọkọ̀, ó kọrí sílé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ṣí fírísà, ilá ló tún ń wò ó.

Ní Sátidé tó tẹ̀ lé e, ó ti padà sí Port Credit, ó ní òun fẹ́ wo bí páìpù ṣe ń ṣe sí. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ síńkì, ó ń fi sípánà kan páìpù tí kò ṣẹ̀ ẹ́. Doreen dúró tì í fún ìgbà díẹ̀.

"Páìpù yẹn ò jò, dálìn. Dìde, lọ fọwọ́."

Báyìí ni ẹ̀kọ́ ṣe bẹ̀rẹ̀. Doreen kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po bọ́tà mọ́ ṣúgà títí yóò fi funfun, bí wọ́n ṣe ń fọ́ ẹyin sí i lọ́kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń da fúláwà sí i pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń daṣọ bo ọmọ tó sùn. Sírọ́ọ̀pù ló ń ṣáájú wọ inú abọ́, kí àpòpọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bébà tí wọ́n fi ń bo abọ́ gbọ́dọ̀ ní ìṣẹ́po láàárín, kí púdìn lè ráyè wú. Níbi okùn ni Mojeed ti wá fi hàn pé iṣẹ́ òun kì í ṣe ti àná. Ó so ó bí ẹni ń di páìpù gáàsì. Doreen ní òun ti ń se púdìn láti ìgbà ọmọge òun, òun ò rí irú ìdì bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀bẹ ni wọ́n fi já a.

Èyí tó ni ín lára ni dọ́mpílìn. Wọ́n á da sírọ́ọ̀pù mépù àti omi sínú ìkòkò fífẹ̀, bó bá ti ń hó, wọ́n á máa fi ṣíbí bu ìyẹ̀fun pípò sínú rẹ̀, wọ́n á dé e. Láti ìgbà náà títí ogún ìṣẹ́jú, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i. Bí atẹ́gùn bá fẹ́ sí i pẹ́nrẹ́n, yóò rọlẹ̀, yóò le bí òkúta. Ṣùgbọ́n ta ni pulọ́ńbà bí kì í bá ṣe ẹni tí ń ṣí ohun tí wọ́n dé? Ìṣẹ́jú márùn-ún péré, Mojeed ti ṣí i wò. Ohun tó jáde lọ́jọ́ náà, èèyàn lè fi di ojú síńkì. Doreen fi ṣíbí onígi gbá a lọ́wọ́ bí ọmọ iléèwé.

Kò pẹ́ tí Mojeed fi ń dá a sè nílé, ó tilẹ̀kùn mọ́rí. Bí Ìdíátù bá pè, ó ń gbọ́ ìró ọmọrí ìkòkò lábẹ́lẹ̀.

"Bàbá Hameedah, kí ló ń dún gbàgà-gbàgà yẹn?"

"Bọ́ílà ni," ni Mojeed á wí.

Ọjọ́ kan ni Faridah, ọ̀rẹ́ Ìdíátù tí wọ́n jọ ń lọ mọ́ṣáláṣí, pàdé rẹ̀ ní supermarket. Faridah wo ohun tó wà nínú kẹ̀kẹ́ rẹ̀: fúláwà, bọ́tà, fanílà, ìgò sírọ́ọ̀pù méjì, abọ́ olódòdó, àti épírọ́ọ̀nù pupa kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ń sanra o! Ta lẹ ń ra gbogbo èyí fún?"

"Kọ́sítọ́mà mi kan ni," ni Mojeed wí, òógùn ti bò ó nínú òtútù. "Màmá kan. Àní obìnrin kan. Ní Port Credit."

"Obìnrin kan ní Port Credit," ni Faridah tún sọ, bí ẹni ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdíátù pè ní Sátidé. Ilé Doreen ni Mojeed wà. Ohùn ìyàwó rẹ̀ tutù, èyí tí kò dára rárá.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Hameedah. Ṣé ibi iṣẹ́ lẹ wà?"

"Ibẹ̀ náà ni. Iṣẹ́ pọ̀ púpọ̀."

Ẹ̀yìn rẹ̀ ni Doreen ti kígbe pé, "Má tíì tú okùn yẹn o, dálìn! Ó ṣì gbóná!"

Ní Ìbàdàn, Ìdíátù gbé fóònù sún mọ́ etí.

"Okùn kí ni?" ni Ìdíátù béèrè. "Bàbá Hameedah, okùn wo ni wọ́n ní kí ẹ má tíì tú?"

Ó yẹ kí Mojeed sọ òótọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í ju bó ṣe ń bẹ̀rù lọ. Bí wọ́n bá ní òun fẹ́ ìyàwó kejì, Mùsùlùmí lòun, ọ̀rọ̀ náà ní ìlànà. Ọkùnrin tó so épírọ́ọ̀nù mọ́dìí, ìlànà wo ló wà fún un? Ó ní nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò dára, ó pa fóònù.

Lọ́jọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ẹnìkan kan ilẹ̀kùn rẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n, èmi Sàlísù ni."

Mojeed ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dọ́mpílìn lórí iná ni. Ó já épírọ́ọ̀nù bọ́, ó tì í bọ abẹ́ tìmùtìmù, ó ṣílẹ̀kùn. Sàlísù dúró síbẹ̀, ojú ń tì í. Faridah wà níwájú rẹ̀, ó na fóònù síta, Ìdíátù sì wà nínú fóònù náà, ó ń wo Mojeed látòkè délẹ̀. Faridah kò dúró gba ìkíni. Ó yẹ iyàrá wò, ó yẹ balùwẹ̀ wò, ó sún àwọn kóòtù òtútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

"Ẹ̀gbọ́n, níbo lẹ fi í pamọ́ sí?"

"Kí ni mo fi pa mọ́?"

"Ẹni tó ń se oúnjẹ tó ń ta sánsán yìí! Ẹ má sọ fún mi pé ẹ̀yin ni."

Faridah gba ilé ìdáná lọ, ó na ọwọ́ sí ọmọrí ìkòkò.

"Má ṣí i!"

Igbe náà le débi pé Sàlísù fò sẹ́yìn. Ìdíátù fọwọ́ sóókan àyà ní Ìbàdàn.

"Kí ló wà nínú ìkòkò?" ló béèrè.

Mojeed wo aago ara sítóòfù. "Ó ku ìṣẹ́jú mọ́kànlá," ló wí. "Bí ẹ bá ṣí i báyìí, ó bàjẹ́ nìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ohun tó bá wù yín ni kí ẹ fi mí ṣe."

Ohùn rẹ̀ mú ìbẹ̀rù dání tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi dúró. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yí sítóòfù ká. Wọ́n fi fóònù ti agolo ṣúgà, kí Ìdíátù náà lè máa wo ìkòkò. Wọ́n gbọ́ ohùn ìyá rẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì.

"Ìdíátù, kí lẹ ń wò?"

"Ìkòkò ni, Mama."

"Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú, Mama. Ó ku ìṣẹ́jú méje."

Nígbà tó ku ìṣẹ́jú mẹ́rin, Sàlísù rí fúláwà ní irùngbọ̀n Mojeed. Ó wo ìkòkò. Ó tún wo irùngbọ̀n. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ó sì kọjú sí ògiri.

Aago dún. Mojeed ṣí ìkòkò. Dọ́mpílìn mẹ́fà ti wú, wọ́n rọ̀, wọ́n léfòó lórí sírọ́ọ̀pù bí pẹ́pẹ́yẹ lórí odò.

"Èmi ni mo sè é," ni Mojeed wí, bí ẹni tí ọlọ́pàá mú. "Doreen ló kọ́ mi. Arúgbó ni, ó tó bí mi. Dálìn ló ń pe gbogbo ayé, ó ń pe ajá bẹ́ẹ̀."

Ìjà ni Faridah bá wá. Ó jẹ ọ̀kan lóòró, ó wá fa àga, ó jókòó. Sàlísù jẹ mẹ́rin, ó nu ẹnu rẹ̀ dáadáa.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ máa ń pè mí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí?"

"Àbúrò mi, má bínú."

"N ò bínú rárá. Mo kàn fẹ́ gbọ́ ọ ni."

"Ìyá Olóúnjẹ," ni Mojeed wí, ó ń wolẹ̀.

"Mo gbọ́," ni Sàlísù wí. "Ó ku ẹyọ kan nínú ìkòkò, àbí? Ẹ bù ú fún mi."

Ìdíátù nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí Mojeed gbé fóònù wọ iyàrá.

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, Bàbá Hameedah."

"Kò sí obìnrin kankan, wallahi, mo—"

"Mo ti rí i pé kò sí. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, mo mọ ohun tí n bá sọ. Gbogbo àárọ̀ tí mo fi ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, tí ẹsẹ̀ mi wú, tí ẹ jókòó tí ẹ ń wúkọ́. Ọwọ́ yín lè ṣe é. Ẹ kàn ò ṣe é ni."

Kò pariwo. Ó kí i pé ó dàárọ̀, ó lọ. Mojeed jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì. Kò sí sípánà tó wọ ọ̀rọ̀ náà.

Ìparí oṣù kẹta ni Ìdíátù dé. Kò mẹ́nu ba ọ̀rọ̀ náà ní pápá ọkọ̀ òfuurufú, kò mẹ́nu bà á nílé. Lọ́jọ́ Thursday ló padà sẹ́nu iṣẹ́. Bí Mojeed ṣe kírun àsùbáà tán, kò padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ó gbé púdìn kaná. Abọ́ tẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, omi ráyè wọ inú rẹ̀. Nígbà tó dojú rẹ̀ délẹ̀, ìdajì wó. Ibẹ̀ ni Ìdíátù ti ṣílẹ̀kùn wọlé.

"Ó wó lápá kan," ni Mojeed wí.

Ìdíátù jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú kóòtù lọ́rùn. Ó mú ṣíbí, ó jẹ apá tó wó. Ó jẹ apá tí kò wó.

"Ṣúgà rẹ̀ ti pọ̀ jù," ló wí, kò sì dáwọ́ dúró. Nígbà tó ku díẹ̀, ó gbójú sókè. "Ẹ̀wà ńkọ́?"

"Ìdíátù, n ò tíì dé ibẹ̀."

Ó rẹ́rìn-ín lójijì, púdìn ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó ní òun ń lọ sùn, aago méjì lòun máa jí, ebi á sì máa pa òun.

Mojeed fọ abọ́, ó fọ ìkòkò. Ó wá pe Port Credit, ó béèrè bí wọ́n ṣe ń se ẹ̀wà.

"Ẹ̀wà?" ni Doreen wí. "Inú agolo ni tèmi máa ń wà, dálìn."

Mojeed fi fóònù sílẹ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù mẹ́ta kó tó rí àpò ẹ̀wà. Ó da díẹ̀ sórí tábìlì, ó wọ awò ojú rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣà á.