Síídì Karùn-ún Nílé Suliat

Suliat Adégbọlá kò gbà kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé e. Láti Dùgbẹ̀ n'Ìbàdàn títí dé gáréèjì Ìwó, orí itan rẹ̀ ni páálí náà wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì sì ti kú kí mọ́tò tó dúró. Ọdún 1997 ni. Ẹ̀rọ olórin tó ń gba síídì márùn-ún lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ló wà nínú páálí yẹn. Bí ẹnì kan bá ti ní irú rẹ̀ ládùúgbò wọn tẹ́lẹ̀, a jẹ́ pé abẹ́ bẹ́ẹ̀dì ló gbé e pamọ́ sí, nítorí a ò gbọ́ ọ rí. Obìnrin tó ti jókòó sẹ́yìn káńtà báǹkì fún ọdún méjìlá, ohun tó wù ú ló lè rà. Suliat rà á, ó sì fi yangàn. Kò fìgbà kan purọ́ pé òun ò yangàn.

Ó gbé e sórí tábìlì ní pálọ̀, ó da aṣọ funfun tó fọwọ́ ara rẹ̀ hun bò ó. Bí àlejò bá wọlé, á rọra ká aṣọ náà kúrò, á tẹ bọ́tìnnì kan, ẹ̀rọ á sì yọ àwo róbótó kan síta tó ní ojú márùn-ún. Síídì kan lójú kan. Bí ọ̀kan bá kọrin tán, àwo á yí fúnra rẹ̀, òmíràn á bẹ̀rẹ̀, ẹnikẹ́ni ò ní fọwọ́ kàn án.

Ṣùgbọ́n ètò tí Suliat ṣe sí i ló jẹ́ kí àwọn èèyàn máa sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ náà. Àgbàlagbà márùn-ún ló wà nílé, ojú márùn-ún ló wà nínú ẹ̀rọ, Suliat sì ní Ọlọ́run ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Àwọn ọmọdé ò ní ojú tiwọn. Kí wọ́n máa gbọ́ tàwọn àgbà. Ojú kìn-ín-ní jẹ́ ti ìyá ọkọ rẹ̀. Àgbékẹ́ lorúkọ wọn, ṣùgbọ́n Ìyá ni gbogbo ilé ń pè wọ́n, sákárà ni wọ́n sì fẹ́ràn. Ojú kejì jẹ́ ti Ismaeel ọkọ Suliat, tíṣà tí kò fẹ́ gbọ́ nǹkan míì lẹ́yìn àpàlà. Ìkẹta jẹ́ ti Abdulafeez, àbúrò Ismaeel, oní-fújì. Ẹ sì gbọ́ o, ọdún mẹ́fà ni Suliat fi ju Abdulafeez lọ, òun náà ló sì ra ẹ̀rọ. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bí Abdulafeez sínú ilé yẹn kí Suliat tó ti ẹnu ọ̀nà wọlé bí ìyàwó. Ọkọ ló jẹ́ sí i. "Ọkọ mi kékeré" ló ń pè é, kò jẹ́ dárúkọ rẹ̀. Nítorí náà, òun tó ni ẹ̀rọ fi síídì jùjú tirẹ̀ sí ojú kẹrin.

Ojú karùn-ún wá jẹ́ ti Sodiqat, ọmọ Ilé-Ogbó, tí Abdulafeez ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé níyàwó. Suliat fúnra rẹ̀ ló bá a ra síídì wákà. Ó fi sí i, ó ní, "Ìyàwó, ibi tìrẹ rèé nínú ilé yìí." Sodiqat kúnlẹ̀, ó dúpẹ́.

Ètò yìí gan-an ni Suliat fi ń yangàn ju ẹ̀rọ lọ. Àtìgbà tí Ìyá ti ròyìn rẹ̀ fáwọn ẹgbẹ́ wọn ní mọ́ṣáláṣí pé, "Ìyàwó mi ra nǹkan ńlá, ó wá fi ara rẹ̀ sẹ́yìn," ni ọrùn Suliat ti gùn sí i.

Iná nìkan ló kù díẹ̀ káàtó. Nígbà yẹn, tí iná bá dé ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, á ti lọ kó tó di mẹ́fà àbọ̀. Síídì kan sì ń lọ sí bíi wákàtí kan. Ìyá á gbọ́ sákárà wọn tán, Ismaeel á mi orí sí àpàlà rẹ̀, Abdulafeez á ṣẹ̀ṣẹ̀ máa na apá láti jó, iná á lọ. Tó bá di ọjọ́ kejì, ọ̀dọ̀ Ìyá ni wọ́n tún ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí ta ló máa bu oúnjẹ kalẹ̀ tí kò ní kọ́kọ́ gbé e fún àgbà? Oṣù mẹ́ta kọjá báyìí. Suliat ò gbọ́ orin tirẹ̀ rí nínú ẹ̀rọ tó fi itan gbé láti Ìbàdàn. Kò dùn ún, ẹni tó se oúnjẹ kì í kọ́kọ́ jẹ. Sodiqat ní tirẹ̀ kàn máa ń nu eruku kúrò lára páálí síídì rẹ̀ láràárọ̀.

Lọ́sẹ̀ kan, Abdulafeez mú ìròyìn wálé pé àna òun, Bàbá Ògúndípẹ̀, ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé láti wá wo ilé tí ọmọ wọn wà. Inú gbogbo ilé dùn. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Sodiqat kúnlẹ̀ ti Suliat nídìí sítóòfù.

"Ẹ má bínú, mà. Mo ti sọ fún bàbá mi pé mo ní ibi tèmi nínú ẹ̀rọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ gbọ́ ọ."

"Wọ́n á gbọ́ ọ," Suliat dáhùn, ṣùgbọ́n ó ti ń ro ti iná. Bí iná bá lọ lórí fújì Abdulafeez bó ṣe máa ń lọ, bàbá á padà sí Ilé-Ogbó pẹ̀lú èrò pé orí ahọ́n nìkan ni ipò ọmọ òun wà nílé ọkọ. Bó bá sì jẹ́ ojú karùn-ún ló kọ́kọ́ tẹ̀, ó fi ìyàwó tuntun ṣáájú ìyá ọkọ lójú àna nìyẹn. Èwo ni kéèyàn ṣe nínú méjèèjì tí kò ní tẹ́? Suliat tó ń fi ètò yangàn ò rí oorun sùn dáadáa títí di Sátidé.

Bàbá Ògúndípẹ̀ fi ọ̀kadà dé pẹ̀lú iṣu mẹ́fà. Ismaeel àti Abdulafeez dọ̀bálẹ̀, Suliat kúnlẹ̀, Ìyá ní kí àna àwọn jókòó sórí àga tó sún mọ́ ẹ̀rọ. Iná dé. Suliat di rìmóòtù mú.

"Gbé àwo inú rẹ̀ jáde ná, kí àna wa rí i," ni Ìyá wí.

Suliat tẹ̀ ẹ́, àwo róbótó náà yọ. Ìyá dìde wá síbẹ̀. Ọ̀ọ́kán ni wọ́n ti ń gbọ́ orin látọjọ́ yìí, wọn ò yọjú wo inú ẹ̀rọ rí.

"Èwo ni tèmi níbẹ̀?"

"Èyí ni, Ìyá."

"Èwo ni ti ìyàwó?"

"Èyí ni, mà."

Ìyá bẹ̀rẹ̀ wò ó dáadáa. "Ṣé ẹ̀gbẹ́ mi ni ìyàwó jókòó sí látoṣù mẹ́ta, tẹ́ ẹ ń sọ fún mi pé ẹ̀yìn ló wà? Ohun tó rí róbótó, ibo ni iwájú rẹ̀? Suliat, àgbà tó bá jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Mo ti jẹ tèmi yó. Bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ìyàwó, kó máa yí lọ. Ibi tí iná bá bá a dé lónìí, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ lọ́la."

Suliat tẹ ojú karùn-ún. Ohùn obìnrin oníwákà gba pálọ̀ kan. Sodiqat, tó gbé omi dání lẹ́nu ọ̀nà, gbàgbé láti gbé e sílẹ̀. Bàbá ṣí fìlà, wọ́n gbọ́ ọ títí síídì fi parí. Àwo wá yí fúnra rẹ̀, sákárà Ìyá bẹ̀rẹ̀. Bàbá wo ọ̀tún, wọ́n wo òsì.

"Ta ló tẹ̀ ẹ́?"

"Ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án, Bàbá," ni Suliat wí, inú rẹ̀ sì dùn débi pé ó tún un sọ lẹ́ẹ̀kejì.

Bàbá mi orí. "Mo ti rí ilé tọ́mọ mi wà," ni wọ́n wí.

Orí àpàlà Ismaeel ni iná ti lọ. Lọ́jọ́ Àìkú, iná ò ju ìdajì wákàtí lọ, wọ́n fi parí rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, iná ṣe bíi wákàtí kan péré, Abdulafeez jó fújì rẹ̀ tán fún ìgbà àkọ́kọ́, iná sì lọ. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Suliat ti ibi iṣẹ́ dé, ó rẹ̀ ẹ́, bàtà ẹsẹ̀ kan ló ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ nígbà tí iná dé. Sodiqat wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ pẹ̀lú rìmóòtù lọ́wọ́.

"Ó kàn yín, mà."

Sodiqat ti ń kà á látọjọ́ Sátidé. Ó tẹ ojú kẹrin. Gìtá jùjú bẹ̀rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, Suliat sì jókòó sílẹ̀.

Ìyá béèrè láti inú yàrá, "Orin ta ni ìyẹn? Mi ò gbọ́ ọ rí."

"Ti ẹni tó ni ẹ̀rọ ni, Ìyá," ni Sodiqat dáhùn.

Suliat gba rìmóòtù lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì gbé ohùn ẹ̀rọ sókè sí i.