Eégún Òyìnbó ní Pápá Iléèwé

Nígbà tí mo ṣì kéré ní Oǹdó, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi yóò rántí, mọ́tò sinimá a máa wá sí pápá iléèwé. Wọn a ta aṣọ funfun sáàárín igi méjì, àwa ọmọdé a gbé àpótí ìjókòó wa lọ kí ilẹ̀ tó ṣú, a ó máa jẹ ẹ̀pà sísè. Mo ti gúnyán, mo ti fọ gbogbo abọ́ ilé, kí wọ́n tó yọ̀ǹda mi. Adéwọlé, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, kò fọ ṣíbí kan. Síbẹ̀, iwájú ló jókòó sí.

Fíìmù ọjọ́ náà pa wá lẹ́rìn-ín. Òyìnbó méjì tó gọ̀ ń sá fún òkú kan tí wọ́n fi aṣọ wé látorí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ń forí sọ ògiri, wọ́n ń ṣubú lu ara wọn. Lọ́gán, ọ̀kan tẹ etí aṣọ òkú náà mọ́lẹ̀, aṣọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Mo na ọrùn kí n lè rí ojú tó wà nínú rẹ̀. Àfi igbe Adéwọlé:

"Eégún ni! Obìnrin kì í mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ! Ẹ lé wọn!"

Ẹ wo ọgbọ́n. Eégún òyìnbó! Bàbá wa ní òótọ́ lọmọ sọ, àwọn àgbà gbè é lẹ́sẹ̀, wọ́n sì lé gbogbo obìnrin sílé. Ìyá mi ní, "Má sunkún mọ́. Ẹ̀gbọ́n rẹ á sọ ìparí rẹ̀ fún ẹ."

Ó sọ ọ́ lóòótọ́. Mo fọ aṣọ iléèwé rẹ̀, ó ní ọba ló wà lábẹ́ aṣọ. Mo pọnmi fún un, ọba di olè. Mo lọ ṣòkòtò rẹ̀, olè di arẹwà obìnrin. Mo ti wọ ilé ọkọ kí ìbátan wa kan tó tú àṣírí: bí wọ́n ti lé wa tán ni Adéwọlé kó sábẹ́ mọ́tò sinimá, tó dijú. Kò rí nǹkan kan.

Ayé ti yàtọ̀. Ní Àkúrẹ́ tí mo ń gbé báyìí, ọmọ-ọmọ mi obìnrin ń wo irú fíìmù bẹ́ẹ̀, ó ń jẹ ìrẹsì, kò sẹ́ni tó lé e. Lọ́dún tó kọjá, Adéwọlé, tó ti di olóyè, wá kí mi. Ọmọ náà fi ọ̀kan nínú àwọn fíìmù náà sórí tẹlifíṣọ̀n. Bí òkú ti yọjú, olóyè wa dìde, ó ní òun fẹ́ kí àwọn ará ilé kejì.

Mo dúró sẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ jókòó, Bùọ̀dá mi. Ṣebí ọkùnrin ní í wo eégún."

Ó jókòó, ó fi fìlà bojú. Èmi wo fíìmù náà dé òpin.