Wíwú Ni Mo Pè Ní Sísanra

Ẹ fara balẹ̀, ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi ròyìn ohun tójú mi rí lọ́dún tó kọjá.

Àbúrò mi Bọ́lá ń gbé lábúlé kan lẹ́bàá Ìṣẹ́yìn. Bó ṣe já ọmọ ẹ̀, Kọ́ládé, lẹ́nu ọmú ni mo ti ń fi kọ́sítáàdì ránṣẹ́ láti Peckham ní London níbí. Páálí páálí! Ṣebí oúnjẹ òyìnbó ni? Òun nìkan lọmọ ń mu láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́. Kò sí ẹyin, kò sí ẹja.

Lọ́jọ́ kan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù onídìrí, èmi àti Bọ́lá ń sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ Kọ́ládé rí rọ̀bọ̀tọ̀! Mo pariwo pé, "See my baby! Ó ti sanra o!" Mo tiẹ̀ ń gbé fóònù yíká kí wọ́n lè bá mi wò ó.

Aunty Sìkírá jókòó tì mí. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n l'Ọ́yọ̀ọ́ kí wọ́n tó wá máa tọ́jú àwọn arúgbó ní Camberwell. Wọn ò rẹ́rìn-ín rárá. Wọ́n ní kí Bọ́lá fi ìka tẹ ẹsẹ̀ ọmọ náà, kó wá yọ ọwọ́. Ibi tó tẹ̀ jìn wọnú, kò kún padà!

"Bọ́lá, ọmọ yìí ò sanra, ó wú ni. Kò rí oúnjẹ gidi jẹ. Please, gbé e lọ sí health centre now-now, má dúró dọ̀la."

Ẹ̀rù bà mí, ojú sì tì mí. Èmi tí mo ń pera mi ní aláàánú!

Nígbà tí Bọ́lá gbé e débẹ̀, wọ́n dá ọmọ dúró fún ìtọ́jú. Nígbà tó padà sílé, obìnrin elétò ìlera kan ń gun ọ̀kadà wá wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń fi tépù wọn apá ẹ̀ kó lè mọ̀ bóyá ara ẹ̀ ń padà bọ̀ sípò, ó ń fún un ní oúnjẹ ẹlẹ́pàá inú ọ̀rá, ó sì kọ́ Bọ́lá bí wọ́n ṣe ń po sóyà àti edé mọ́ ògì. Irú wọn ló yẹ ká máa dọ̀bálẹ̀ fún!

Ṣùgbọ́n Bọ́lá tún fi ẹkún pè. Ó ní ọmọ ti rù, gbogbo egungun ìhà ẹ̀ ló yọ síta. Aunty Sìkírá ní kó fọkàn balẹ̀, omi ló fà lára ẹ̀. Ọmọ gan-an ló kù yẹn, òun la fẹ́ bọ́ báyìí.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, Bọ́lá fi fídíò kan ránṣẹ́, èmi àti Aunty Sìkírá sì jọ wò ó nínú bọ́ọ̀sì. Kọ́ládé tí ò tíì rìn rí rin ìṣísẹ̀ mẹ́rin, ó ṣubú, ó tún dìde! Aunty Sìkírá bú sẹ́kún lójú gbogbo èrò.

Ìfẹ́ nìkan ò tó, ẹ jẹ́ ká máa béèrè. Ṣé irú ẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀yin náà rí? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ yìí, ọmọ ẹnì kan lè torí ẹ̀ yè.