Ẹ̀rọ Ìgékoríko Tí Dàmọ́lá Fẹ́ Fi Ránṣẹ́ sí Ṣakí

Ó ti rẹ Ìyá Dàmọ́lá kí òjò ọdún náà tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Nígbà tí òjò wá dé, tó rọ̀ bí ẹni pé wọ́n ṣí i sílẹ̀ lókè tí wọ́n gbàgbé rẹ̀, koríko gba gbogbo àyíká ilé mọ́ ọn lọ́wọ́. Bẹẹrẹ dí ọ̀nà kànga. Eèsún ga dé ojú fèrèsé yàrá ẹ̀yìn, tó jẹ́ pé bí atẹ́gùn bá ti fẹ́, á máa fọwọ́ kan gíláàsì bí àlejò tí kò mọ ẹnu ọ̀nà.

Mọ́ládé ni orúkọ tí wọ́n sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì ni ó ṣe ní ilé ìwòsàn ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, iṣẹ́ ìdúró náà ló sì jẹ orúnkún rẹ̀ méjèèjì. Ọkọ rẹ̀, Kọ́láwọlé, tó jẹ́ olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀, ló ra ilẹ̀ éékà mẹ́ta yìí lẹ́bàá ọ̀nà tó jáde ní Ṣakí lọ sí Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì fẹ́ gbé ibẹ̀. Ó ní òun fẹ́ ibi tí ojú òun yóò ti máa ríran jìnnà. Ní gbogbo ìgbà tó wà láàyè, òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣán an. Ó wá kú. Koríko kò mọ̀ pé ó kú.

Ìyá Dàmọ́lá ti gbìyànjú tirẹ̀. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ṣùkúrù máa ń gbé ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi kọ́ èjìká wá gé e fún un, ṣùgbọ́n Ṣùkúrù ti ta ẹ̀rọ rẹ̀, ó ti ra ọ̀kadà. Àwọn tó wá lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n á gé ìdajì, wọ́n á ní àwọn ń bọ̀. Lọ́dún tó kọjá, ó fi oògùn apakoríko wọ́n ọn. Koríko rọ fún ìgbà díẹ̀, igi ọsàn méjèèjì tó wà níwájú ilé bá a rọ. Koríko jí padà. Ọsàn kò jí.

Ọjọ́ tí wọ́n pa paramọ́lẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná ni ọ̀rọ̀ náà dé etí ọmọ rẹ̀. Ládòkun, baálé ilé kejì, ló fi igi pa á. Nígbà tí Dàmọ́lá pè láti Kánádà, ìyá rẹ̀ kò ní in lọ́kàn láti sọ ọ́. Àárẹ̀ ló jẹ́ kó bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Ó tó," ni Dàmọ́lá wí. "Mọ́mì, ó tó gẹ́ẹ́. Màá fi ẹ̀rọ kan ránṣẹ́ sí yín."

Láti ọjọ́ náà ni fídíò ti ń wọlé sórí fóònù ìyá rẹ̀. Òyìnbó kan jókòó sórí ẹ̀rọ bí ẹni jókòó sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú. Kò yí ohunkóhun bí awakọ̀ ṣe ń yí i. Ọ̀pá méjì ló dì mú, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì. Bó bá ti ọ̀kan síwájú tó fa èkejì sẹ́yìn, ẹ̀rọ náà á yí lójú kan bí òkòtó. Ó ń yí igi po láì kan èèpo rẹ̀, koríko tó fi sílẹ̀ lẹ́yìn sì tẹ́ bí ẹní.

"Sírò-tọ́ọ̀nù ni wọ́n ń pè é," ni Dàmọ́lá wí. "Iṣẹ́ tí àdá ń fi odindi ọjọ́ ṣe, kí oòrùn tó mú, ó ti parí rẹ̀."

"Ta ni yóò gùn ún?"

"Ẹ̀yin náà lè gùn ún. Kò sí wàhálà orúnkún níbẹ̀. Ọwọ́ lẹ máa lò."

Ó fi í rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ká má purọ́, ẹ̀rọ náà wọ̀ ọ́ lójú. Nígbà tó ku òun nìkan, ó tún fídíò náà wò. Kì í ṣe gígé koríko ló ń wò, àga náà ló ń wò. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ dúró lórí ẹsẹ̀, iṣẹ́ tí èèyàn ń jókòó ṣe jọ ìsinmi lójú rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, Dàmọ́lá pè é lórí fídíò. Ó ní kí òun tó sanwó ohunkóhun, òun fẹ́ rí ilẹ̀ náà, kí òun lè mọ̀ bóyá ẹ̀rọ náà bá a mu. Ìyá rẹ̀ wọ bàtà òjò, ó mú ọ̀pá ìtilẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í rìn pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì. Géètì fẹ̀ tó. Iwájú ilé tẹ́jú, inú Dàmọ́lá sì dùn. "Ẹ wò ó! Ibí yìí dáa. Eré ọmọdé ni ibí yìí."

Wọ́n yí sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Nínú koríko, bàtà rẹ̀ kọ kùkùté igi èmí kan tí Kọ́láwọlé gé nígbà tó ń kọ́lé. Òmíràn tún wà níwájú rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, yangí ló kù, ó yọrí láti inú ilẹ̀ káàkiri, koríko sì bò ó. Dàmọ́lá ní kó fi ọ̀pá rẹ̀ gbá ọ̀kan. Ó gbá a, ó dún bí irin.

"Abẹ rẹ̀ á máa fọ́ lára ìyẹn," ni Dàmọ́lá wí, ohùn rẹ̀ ti ń lọ sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n èèyàn lè hú u. Ẹ jẹ́ ká lọ sẹ́yìn."

Ẹ̀yìn ilé ni ilẹ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dà. Láti abẹ́ igi igbá, ó dagẹ̀rẹ̀ lọ tààrà sínú odò kékeré tó pààlà. Òjò àná ṣì wà lórí koríko. Ìyá Dàmọ́lá gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, ó ń wá ibi tí yóò fi ọ̀pá gún.

"Mọ́mì, ẹ dúró! Ẹ má sọ̀ kalẹ̀ mọ́."

Ohùn náà ta á jí. "Kí ló dé?"

"Ṣé gbogbo ibẹ̀ ló dà báyìí?"

"Títí dé odò. O ò rántí ni? Ṣebí ibẹ̀ lo ti máa ń yí táyà."

"Bí koríko bá tutù, ẹ̀rọ yẹn kì í gbọ́ràn lórí irú ilẹ̀ yẹn. Táyà kékeré méjì tó wà níwájú, ibi tó bá wù wọ́n ni wọ́n ń yí sí. Tó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, kò sí ọ̀pá tí èèyàn lè fà. Èèyàn á kàn jókòó sórí ẹ̀, á sì máa wo odò bó ṣe ń sún mọ́ ọn."

Ìyá Dàmọ́lá ti tọ́jú aláìsàn pẹ́ tó láti mọ ìyàtọ̀ láàárín ẹni tó gbọ́ nípa ìrora àti ẹni tí ìrora ṣe. Ọ́fíìsì akáùntáǹtì ni ọmọ yìí sọ fún un pé òun wà. Ohun tóun náà sọ fún gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì nìyẹn.

"Dàmọ́lá," ó wí jẹ́jẹ́, "ta ló gbé wọ odò?"

"Èmi ni, Mọ́mì."

Ó wá sọ ọ́. Kò sí ọ́fíìsì kankan. Láti ìgbà tó ti débẹ̀, koríko ló ń gé káàkiri ilé àwọn ọlọ́rọ̀, yìnyín ló ń kó nígbà òtútù. Ẹ̀rọ inú fídíò náà gan-an ló ń gùn. Lóṣù tó kọjá, lẹ́yìn òjò, létí adágún omi kan, ẹ̀rọ yọ̀ mọ́ ọn lábẹ́, ó sì dà á sómi. Irin tó wà lẹ́yìn àga ni kò jẹ́ kó tẹ̀ ẹ́ pa. Èjìká rẹ̀ ló yẹ̀. Láti ìgbà náà, ilé ló wà.

Ìyá Dàmọ́lá jókòó lórí gbòǹgbò igi igbá, omi sì wọ inú ìró rẹ̀. "Kí ló wá dé tí o fi fẹ́ rà á fún mi?"

"Òun ni nǹkan tí mo mọ̀, Mọ́mì. Lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kò sí èyí tó dáa tó o. Mo rò pé, ó kéré tán, ẹ ó jókòó."

Ohùn nọ́ọ̀sì ni ìyá rẹ̀ fi bi í. "Èjìká wo?"

"Ọ̀tún."

"Fi fóònù ti ògiri. Bọ́ ẹ̀wù. Gbé apá náà sókè. Rọra."

Apá náà dé ọ̀gangan èjìká, ó dúró síbẹ̀. Ojú Dàmọ́lá fún.

"Mo ti rí i. Gbé e sílẹ̀. Lọ́la, wàá padà lọ bá dókítà, wàá sọ fún un pé kò kọjá ibẹ̀ yẹn. O ò gbọ́dọ̀ gbé nǹkan tó wúwo." Ó mí kanlẹ̀. "Èmi náà, ìgbẹ́ aláìsàn ni mò ń kó ní gbogbo ìgbà tí o fi wà nílé ìwé. Ṣé mo sọ fún ọ rí pé nǹkan mìíràn ni mò ń ṣe?"

"Rárá, Mọ́mì. Ẹ má bínú."

"Mi ò bínú. Ó rẹ̀ mí ni. Ṣé ẹ̀rọ náà bá ilẹ̀ yìí mu?"

"Kò bá a mu. Láti ibi kùkùté yẹn ni mo ti mọ̀. N kò kàn fẹ́ gbà ni."

"Iwájú ilé nìkan ló tẹ́jú, iwájú ilé ò sì tó gbé irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wálé fún. Má rà á."

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, Àwáwù, ìyàwó Ládòkun, wá kí i. Ó ti tọrọ ilẹ̀ náà rí, kó fi gbin nǹkan, ṣùgbọ́n Ìyá Dàmọ́lá kò fẹ́ yí ohun tí olóògbé fẹ́ padà. Lọ́tẹ̀ yìí, Àwáwù kò tilẹ̀ tọrọ. Ìyá Dàmọ́lá fúnra rẹ̀ ló fi ilẹ̀ náà lọ̀ ọ́.

"Ìyá Dàmọ́lá, ṣé ẹ ti rò ó dáadáa?" ni Àwáwù bi í. "Ẹ̀gẹ́ máa ń ga o. Ẹ ò ní rí ọ̀ọ́kán mọ́."

"Mo ti rí i tó. Ẹ gbin ín."

Bí wọ́n ṣe pín in nìyẹn. Àwáwù àti ọkọ rẹ̀ hú àwọn kùkùté, wọ́n gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀pà sáàárín àwọn yangí, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ilé sílẹ̀ fún àgùntàn wọn. Iwájú ilé nìkan ló kù fún alágbàṣe láti máa ṣán. Nígbà tí ẹ̀gẹ́ ga tán, ojú Ìyá Dàmọ́lá kò ríran kọjá rẹ̀ mọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, bí Àwáwù ti wí. Àwọn ìrọ̀lẹ́ kan wà tí èyí ń dùn ún gan-an. Síbẹ̀, ó ń sùn dáadáa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Apá Dàmọ́lá san, ṣùgbọ́n kò ga kọjá etí. Nígbà tí yìnyín yọ́ lọ́hùn-ún, ó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì sọ fún ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kò dúró kó bi í.

Ní ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, obìnrin kan dá a dúró lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. "Nọ́ọ̀sì, akáùntáǹtì wa ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa," ni Ìyá Dàmọ́lá dáhùn. "Koríko ló ń gé níbẹ̀. Ẹ bá mi máa rántí rẹ̀ nínú àdúrà, iṣẹ́ náà léwu."

Ìyá Dàmọ́lá gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó di irin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn mú, ó sì rọra ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.